Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ọmọ kún kíláàsì: ṣé ayò ọlọ́pọ́n lè kọ́ wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń tẹ̀lé àṣẹ?

Tíṣà_Òṣogbo · Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mò ń kọ́ l'Óṣogbo, kíláàsì karùn-ún. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wà nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ wa, àmọ́ kọ̀ǹpútà tí a ní, inú ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà ló wà, òun ni wọ́n fi ń tẹ ìbéèrè ìdánwò. Ohun tí a ń ṣe ni pé màá ya mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù sójú pátákó, àwọn ọmọ á dà á kọ. Wọ́n mọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ẹni mọ oríkì. Ẹ wá bi wọ́n pé báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ ohun tó kàn láti ṣe, ẹnu á wọhò.

Jeannette Wing, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, kọ ọ́ ní 2006 pé irú ìrònú tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń lò yẹ kó wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ, bí ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Àwọn olùkọ́ tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń pín in sí mẹ́rin: kí ọmọ lè fọ́ iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, kó rí ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, kó yọ ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ kúrò, kó sì to ìgbésẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ débi tí ẹlòmíì á fi lè tẹ̀ lé e. Kò sí èyí tó ń gba iná ìjọba nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo ń rò ó pé kí n lo eré orí ọpọ́n. Èwo ni kí n mú? Àti pé báwo ni mo ṣe máa lò ó tí kò fi ní di pé a kàn ń ṣeré títí agogo á fi lù?

Àkàndé_Aláyò · Ajé, 7:15 àárọ̀

Lúdò! Gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ wọn lófin ẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ tún ní ejò àti àkàbà.

Dèjì_Yábàá · Ajé, 8:02 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ejò àti àkàbà kò gba ìrònú kankan. Dáìsì ló ń ta á, kì í ṣe èèyàn. Ẹ mú ọmọ ọdún mẹ́ta kó bá ọ̀jọ̀gbọ́n ta á, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó máa borí. Lúdò sàn díẹ̀, torí èèyàn lè yan ọmọ tó fẹ́ sún, ṣùgbọ́n dáìsì ṣì ni ọ̀gá níbẹ̀.

Àǹtí Tíṣà, eré tí ẹ nílò ni èyí tí kò sí dáìsì nínú ẹ̀, tí kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, tí òfin ẹ̀ kò sì pọ̀. Ó ku díráfù, ṣẹ́ẹ̀sì àti ayò. Ayò lèmi máa mú. Ìdí ni pé nọ́ńbà 12 péré lẹ lè fi kọ gbogbo ọpọ́n sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ àti ẹni tó kàn kún un. Ó tán. Igi tí wọ́n fi gbẹ́ ọpọ́n, àwòrán tí wọ́n fín sí i lára, bóyá ọmọ ayò ni àbí òkúta wẹ́wẹ́, kò kan ẹ̀rọ. Ẹ gbẹ́ ihò 12 sínú iyanrìn lẹ́yìn kíláàsì, eré kan náà ni. Ọmọ tó bá rí i pé eré kan náà ni ti mọ ohun tí wọ́n ń pè ní yíyọ ohun tí kò kan ọ̀rọ̀ kúrò, ẹ ò tíì la ẹnu yín sọ nǹkan kan.

Bàbá_Ọlọ́pọ́n · Ajé, 9:40 àárọ̀

Mo kí ọ̀ta, mo kí òpè.

Inú mi dùn pé wọ́n dárúkọ ayò níwájú lúdò. Ẹ jẹ́ kí n to òfin kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi kọ̀ǹpútà bà á jẹ́. Ojú 12, ìyẹn ihò orí ọpọ́n, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin lójú kọ̀ọ̀kan. O kó gbogbo ọmọ tó wà lójú kan níwájú ara rẹ, o ń ju wọ́n síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí apá ọ̀tún rẹ, o yípo wọ ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Tí èyí tó kẹ́yìn bá bọ́ sójú kan lọ́dọ̀ ẹnìkejì, tó sọ ojú yẹn di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Tí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa bọ̀ sẹ́yìn títí wàá fi kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ebi kò gbọdọ̀ pa ẹnìkejì: tí kò bá ní ọmọ kankan mọ́, o ní láti ta èyí tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ 25 ti borí.

Fún ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n rárá, ẹ lè fi ayò jẹrin-jẹrin bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń jẹ ojú tó bá pé mẹ́rin. Òun làwa náà fi bẹ̀rẹ̀ ká tó dé ìdí ọpọ́n àgbà.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni máa kọ ayò sínú ìwé. Ojú la fi ń ta ayò, ọwọ́ sì gbọ́dọ̀ yá. Ọ̀ta gidi, ìyẹn ẹni tó mọ ayò ta dáadáa, ó ti mọ ibi tí odù rẹ̀, ojú tó kó ọmọ púpọ̀ jọ sí, máa parí sí kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó gbọ́wọ́ kúrò lórí ọpọ́n.

Dèjì_Yábàá · Ajé, 10:11 àárọ̀

Ọ̀ta ń jẹ́, òpè ò gbọdọ̀ fọhùn 🙏 Bàbá, ẹ foríjì mí, màá fọhùn díẹ̀.

Ojú tẹ́ ẹ sọ yẹn, ìṣirò ló wà nínú ẹ̀. Ẹ fún àwọn ojú tiyín ní nọ́ńbà 1 dé 6 láti òsì lọ sí ọ̀tún, kí ti ẹnìkejì jẹ́ 7 dé 12 bí a ṣe ń yí lọ. Ẹ ta ojú 3 tó ní ọmọ 5: 3 àti 5 jẹ́ 8, ojú 8 ló máa parí sí. Ẹnìkejì ta ojú 10 tó ní ọmọ 7: ó jẹ́ 17, ẹ yọ 12, ojú 5 nìyẹn, lọ́dọ̀ yín. Ọmọ kíláàsì karùn-ún mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò, ó lè mọ ibi tí ayò máa parí sí láì fọwọ́ kan ọmọ kankan.

Ẹ wá wo jíjẹ. Ká ní ojú 7 ní ọmọ 4, ojú 8 ní 1, ojú 9 ní 2. Mo ta ojú 5 tó ní ọmọ 4. Ó bọ́ sí 6, 7, 8, 9. Ojú 9 di 3, mo jẹ ẹ́. Mo bọ̀ sẹ́yìn, ojú 8 ti di 2, mo jẹ ìyẹn náà. Ojú 7 ti di 5, mo dúró. Ọmọ 5 ló wọlé. Àṣẹ tí mo tẹ̀ lé ni: níwọ̀n ìgbà tí ojú yìí bá wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì, tó sì jẹ́ 2 tàbí 3, jẹ ẹ́, kí o bọ̀ sẹ́yìn lójú kan. Irú àṣẹ yìí gan-an la ń kọ sínú kóòdù ní ọ́fíìsì lójoojúmọ́, ohun tí à ń jẹ ló yàtọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Peckham · Ajé, 1:25 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, láti September 2014 ni ìjọba ti fi í sínú ẹ̀kọ́ gbogbo ilé ìwé ìjọba ní England pé ọmọ ọdún márùn-ún sí méje gbọ́dọ̀ mọ ohun tí àlàkalẹ̀ ìgbésẹ̀ jẹ́, pé àṣẹ gbọ́dọ̀ ṣe pàtó, kí ọmọ sì lè wá àṣìṣe nínú ètò kékeré kó tún un ṣe. Púpọ̀ nínú ẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, kì í ṣe lórí ẹ̀rọ. Àwọn kan ní University of Canterbury, New Zealand, tí Tim Bell jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti ń kó irú eré bẹ́ẹ̀ jọ tipẹ́, CS Unplugged ni wọ́n ń pè é. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Mo ra Robot Turtles fún àwọn ìbejì mi, èyí tí Dan Shapiro ṣe, tó fi Kickstarter, ìkànnì tí èèyàn ti ń gba owó lọ́wọ́ ará ìlú, kówó ẹ̀ jọ ní 2013. Ọmọ á to káàdì sílẹ̀: lọ síwájú, yà sí òsì, yà sí ọ̀tún. Òbí lá máa gbé ìjàpá náà rìn bí káàdì ṣe wí. Tí ọmọ bá rí i pé òun ti ṣì í, káàdì kan wà tó lè fi dá a padà, kó tún un tò. (Àwa tí ìtàn ìjàpá kún ilé wa, mi ò mọ ìdí tí mo fi sanwó fún tiwọn.)

Ohun tí mo fẹ́ kí Àǹtí Tíṣà fà yọ níbẹ̀ ni ẹni tó ń gbé ìjàpá rìn. Kò gbọdọ̀ ran ọmọ lọ́wọ́. Tí káàdì bá ní kó kọlu ògiri, kó kọlu ògiri. Ẹ yan ọmọ kan ṣe ẹ̀rọ nídìí ayò, òun nìkan ni kó máa fọwọ́ kan ọmọ ayò, kó má sì ronú rárá. Àwọn tó kù á kọ àṣẹ fún un sínú ìwé. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí wọ́n máa ta á lásán, ayò ni wọ́n máa mọ̀.

Oníyèméjì · Ajé, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú, èmi máa yapa díẹ̀. Ìṣirò ni mò ń kọ́ nílé ìwé gíga l'Ábẹ́òkúta, mo sì ti gbọ́ irú ìlérí yìí nípa ṣẹ́ẹ̀sì.

Ilẹ̀ England tí Ìyá Ìbejì ń sọ yẹn, Education Endowment Foundation, àjọ kan tó ń ṣèwádìí ẹ̀kọ́, dán ṣẹ́ẹ̀sì wò níbẹ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 100. Wọ́n fi kèké pín wọn: àwọn kan gba ẹ̀kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì fún nǹkan bíi wákàtí 30, àwọn tó kù kò gbà á. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wo ìdánwò ìṣirò wọn. Àbájáde jáde ní 2016: kò sí ìyàtọ̀. Àwọn tó ta ṣẹ́ẹ̀sì kò mọ ìṣirò ju àwọn tí kò ta á lọ.

Mi ò sọ pé kí ọmọ má ta ṣẹ́ẹ̀sì. Inú mi dùn bíi ti gbogbo yín nígbà tí Túndé Onakoya fi wákàtí 60 ta á ní Times Square ní 2024. Ṣùgbọ́n ohun tí ṣẹ́ẹ̀sì ṣe fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ládùúgbò àwọn tí kò rí jájẹ, ìgboyà ni, àti ojú tí ayé fi ń wò wọ́n, àti owó ilé ìwé. Ìyẹn tóbi. Kì í ṣe ìṣirò. Bákan náà ni ayò. Àwọn bàbá tó ti ń ta á lábẹ́ igi láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ọ́, èwo nínú wọn ló jókòó kọ kóòdù?

Bàbá_Ọlọ́pọ́n · Ajé, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Èmi lò ń bá wí?

Oníyèméjì · Ajé, 5:06 ìrọ̀lẹ́

Rárá o, Bàbá! Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyá_Ìbejì_Peckham · Ajé, 9:30 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yín kò tako tèmi, ọ̀gá Oníyèméjì. Ṣẹ́ẹ̀sì títa ni wọ́n dán wò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí àwọn ọmọ kọ òfin ṣẹ́ẹ̀sì fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Tíṣà_Òṣogbo · Ẹtì, 3:20 ọ̀sán

Ẹ kú dídúró dè mí. A ṣe é lónìí. Mo ti fi ọjọ́ méjì kọ́ wọn ní títa kí n tó dé ibi àṣẹ kíkọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n nílé tẹ́lẹ̀.

Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, mo yan ẹ̀rọ kan fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí ẹ̀rọ lọ dúró síta nígbà tí wọ́n ń kọ àṣẹ. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kọ báyìí, mo dà á kọ bó ṣe wà nínú ìwé wọn:

1. Yan ojú kan níwájú rẹ tí ọmọ wà níbẹ̀.
2. Kó gbogbo ọmọ ibẹ̀.
3. Lọ sí ojú tó kàn lọ́wọ́ ọ̀tún, ju ọmọ kan síbẹ̀.
4. Tí ọmọ bá ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ, padà sí 3.

Ó dára, àbí? Inú wọn dùn gan-an. Ẹ̀rọ wọlé, ọmọkùnrin kan tó máa ń yọ mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀ ni, òun ni mo sì mọ̀ọ́mọ̀ yàn torí mo mọ̀ pé kò ní ṣàánú wọn. Ó yan ojú karùn-ún, ó kó mẹ́rin, ó ju ọ̀kan sí ojú kẹfà. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún, ọpọ́n ti tán. Ó na ọwọ́ sí afẹ́fẹ́, ó ju ọmọ ayò sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gbàà! Ó tún ju òmíràn tẹ̀ lé e. Gbogbo kíláàsì hó yèè. "Yí i! Yí i sókè!" Ọmọ yẹn ní, "Ẹ ò kọ yí i."

Wọ́n gba ìwé, wọ́n fi kún un: tí ọ̀tún bá tán, kọjá sí ìlà kejì. Ó kọjá, ó ju ọ̀kan sójú tó wà ní ìkangun níbẹ̀, ó tún padà sí àṣẹ kẹta, ọ̀tún náà ló tún wò, ilẹ̀ náà ló tún ju ọmọ ayò sí. Ọmọbìnrin kan bá dìde, ó lọ dúró sí òdìkejì ọpọ́n, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ọ̀tún ta ni a kọ síbẹ̀ gan-an?" Ó kàn gbé ìbéèrè yẹn kalẹ̀ ni, ló bá lọ jókòó. Ṣe ni wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan nínú wọn mú ṣọ́ọ̀kì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan yípo ọpọ́n. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tí Dèjì kọ síbí fún wọn o. Àṣẹ kẹta wá di: lọ sí nọ́ńbà tó kàn, tí o bá wà ní 12, lọ sí 1.

Mo wá kó ọmọ 12 sójú kan, torí mo fẹ́ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ yípo, ó ju èyí tó kẹ́yìn padà sójú tó ti kó o. Apá kan ní ó tọ̀nà, apá kan ní màgòmágó ni. Bàbá, ẹ bá wa dá sí i kó tó di Ajé. Èmi fúnra mi ò mọ òfin ibẹ̀ dáadáa.

Bàbá_Ọlọ́pọ́n · Ẹtì, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Màgòmágó ni. A kì í ta ọmọ sójú tí a ti kó o. A máa ń fò ó. Tí odù 12 bá wà lójú 6 tí ẹ fi nọ́ńbà sí yẹn, yóò yí gbogbo ọpọ́n ká, yóò fo 6, ojú 7 ni yóò parí sí. Ojú 7 á ti gba méjì nìyẹn. Ẹni tó bá mọ èyí ló ń fi odù pa èèyàn: á jẹ́ kí ojú rẹ ṣófo tàbí kó ku ẹyọ kan, á kó odù, yóò gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó ṣófo tẹ́lẹ̀ á di méjì, èyí tó ní ẹyọ kan á di mẹ́ta, á wá máa jẹ wọ́n bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọmọbìnrin tó dìde yẹn, ẹ bá mi kí i. Ọ̀ta ni.

Dèjì_Yábàá · Ẹtì, 4:31 ìrọ̀lẹ́

Ẹ wo bí àròpọ̀ tí mo kọ lọ́jọ́ Ajé ṣe máa ṣe níbẹ̀: 6 àti 12 jẹ́ 18, yọ 12, ó ku 6. Ibi tí Bàbá ní a kò gbọdọ̀ dé gan-an. Nítorí náà, tí ọmọ bá ju 11 lọ, ẹ fi 1 kún un, kẹ́ ẹ tó máa yọ 12 títí èyí tó kù kò fi ní ju 12 lọ. Ìyẹn gbé wa dé ọmọ 22. Ẹ má sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé òfin tó ṣiṣẹ́ fún ọmọ 4 àti 5 àti 11 lè já wọn kulẹ̀ ní 12. Àwọn tí mò ń bá ṣiṣẹ́, tí wọ́n ti gba oyè, wọ́n ṣì ń gbàgbé láti dán irú ibi bẹ́ẹ̀ wò.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà · Ẹtì, 7:55 alẹ́

Ẹ ti gbàgbé ọ̀kan. Tí èèyàn bá ta tí ó máa jẹ gbogbo ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì tán ńkọ́? Níbi tí mo ti kọ́ ọ, kò lè jẹ ẹ́. Ó lè ta á, àmọ́ kò ní jẹ nǹkan kan.

Bàbá_Ọlọ́pọ́n · Ẹtì, 8:20 alẹ́

Ta ló kọ́ ọ nírú ẹ̀? Kò gbọdọ̀ ta á rárá tó bá ní òmíràn tó lè ta.

Àkàndé_Aláyò · Ẹtì, 8:26 alẹ́

Lọ́dọ̀ tiwa ó ń jẹ ẹ́ tán ni, kí eré parí. Ṣé ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ló jẹ̀bi ni?

Dèjì_Yábàá · Ẹtì, 9:02 alẹ́

😂 Ẹ̀yin àgbà, kò sẹ́ni tó purọ́. Ìyàtọ̀ yìí wà káàkiri Áfíríkà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹbí ayò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Vrije Universiteit l'Amsterdam fi ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so pọ̀ yanjú eré tí wọ́n ń pè ní awari, ojú 12, ọmọ 48, jíjẹ méjì àti mẹ́ta, ọmọ ìyá ayò ni. Wọ́n ní láti mú òfin kan pàtó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀rọ kò lè bá yín jiyàn lórí èwo ló tọ̀nà. Ipò tí wọ́n ṣírò jẹ́ 889,063,398,406. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀: ọpọ́n tí ọmọ díẹ̀ péré kù lórí ẹ̀, tí ó rọrùn láti mọ ẹni tó máa borí, wọ́n wá ń gun òkè bọ̀ sí ọmọ 48. Àbájáde ẹ̀ ni pé tí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣì, ọ̀mì ni, 24 sí 24.

Díráfù onílé 64 náà rí bẹ́ẹ̀. Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní University of Alberta, Kánádà, yanjú ẹ̀ ní 2007, ọ̀mì lòun náà. Díráfù yìí kan náà ni Arthur Samuel fi kọ́ kọ̀ǹpútà IBM láti máa mọ̀ ọ́n ta sí i fúnra ẹ̀, ìwé tó kọ lórí ẹ̀ ní 1959 sì wà lára ohun tó jẹ́ kí gbogbo ayé máa sọ pé ẹ̀rọ ń kẹ́kọ̀ọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní eré ọlọ́pọ́n jìnnà sí kọ̀ǹpútà, kò mọ ilé tí wọ́n ti bí kọ̀ǹpútà.

Ẹ lè mú un dé kíláàsì, Àǹtí. Ẹ bi wọ́n: ọ̀nà mélòó lo lè gbà ta báyìí? Mẹ́fà, tí ojú kankan ò bá ṣófo. Ẹnìkejì á ní mẹ́fà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, 36. Kó tún kàn ọ́, 216. Wọ́n á rí ìdí tí kò fi ṣeé ṣe láti ro gbogbo ẹ̀ tán, àti ìdí tí àwọn ará Amsterdam fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ẹ wá kó ọmọ mẹ́ta péré sórí ọpọ́n, ẹ ní kí wọ́n wá ẹni tó máa jẹ.

Awo_256 · Àbámẹ́ta, 6:05 àárọ̀

Gbogbo èyí tẹ́ ẹ̀ ń sọ, Ifá ti ṣe é tán. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú bolẹ̀ tàbí kó kọjú sókè. Ẹ kọ méjì lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, kẹ́ ẹ sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra: 256. Iye odù Ifá nìyẹn, iye tí báìtì kan, àyè mẹ́jọ fún 0 tàbí 1 nínú kọ̀ǹpútà, lè gbà náà sì ni. Ẹ kọ́ wọn níyẹn.

Ìyá_Ìbejì_Peckham · Àbámẹ́ta, 8:47 àárọ̀

Òótọ́ ni, mo sì rò pé ó yẹ kí ọmọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Ifá kì í ṣe eré, n kò sì rò pé Tíṣà lè gbé e wọ kíláàsì tí ọmọ oríṣiríṣi ilé wà láìjẹ́ pé òbí kan dé lọ́jọ́ kejì. Owó ẹyọ mẹ́jọ á ṣe iṣẹ́ kan náà láì dá ìjà sílẹ̀.

Oníyèméjì · Àbámẹ́ta, 10:30 àárọ̀

Mo ti ka ìròyìn Tíṣà, ó dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀, iṣẹ́ gidi ni: wọ́n kọ àṣẹ, wọ́n rí i pé ó kùnà, wọ́n wá ibi tó ti kùnà, wọ́n tún un kọ. Mo gbà.

Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ẹ dán an wò bóyá ó kúrò lórí ọpọ́n. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ má dárúkọ ayò rárá. Ẹ kó ìwé iṣẹ́ wọn fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní rúdurùdu, kí wọ́n kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ á fi tò wọ́n bí nọ́ńbà orúkọ wọn ṣe tẹ̀léra nínú rẹ́jísítà. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wo ju ìwé méjì lọ lẹ́ẹ̀kan. Tí kíláàsì karùn-ún mìíràn bá wà tí kò ṣe ayò, ẹ fún àwọn náà ní iṣẹ́ kan náà, kẹ́ ẹ wo ẹni tí àṣẹ rẹ̀ kò ní da ìwé rú. Tí àwọn tiyín kò bá yàtọ̀, a jẹ́ pé ayò nìkan ni wọ́n mọ̀. Tí wọ́n bá yàtọ̀, èmi náà á wá ọpọ́n rà.

Tíṣà_Òṣogbo · Àbámẹ́ta, 12:14 ọ̀sán

Màá ṣe é, sà. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún kejì, ọ̀rẹ́ mi ni, kò ní kọ̀.

Ìṣòro kan ṣì wà tí mi ò rí ojútùú ẹ̀. Ẹgbẹ́ kan kọ ọ́ sí ìparí àṣẹ wọn pé: máa ta á lọ títí ẹnì kan á fi jẹ 25. Ó ku ọmọ méjì péré lórí ọpọ́n, ọ̀kan lójú 1, ọ̀kan lójú 7, ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jẹ 23. Wọ́n ń sún un lọ, ọ̀kan ń lé èkejì, kò bá a, títí agogo fi lù. Ẹ̀rọ kọ̀ láti dìde. Ó ní wọn ò tíì jẹ 25.

Dèjì_Yábàá · Àbámẹ́ta, 12:40 ọ̀sán

Ọmọ yẹn máa ṣiṣẹ́ níbi tó dáa 😂

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó sórí tábìlì mi báyìí. Ojú 1 àti ojú 7, èmi ni ó kàn. Mo lọ sí 2, ẹnìkejì lọ sí 8, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí mo fi wà ní 6 tí òun wà ní 12. Mo sún tèmi bọ́ sí 7. Kò sí nǹkan kan lọ́dọ̀ mi mọ́, ó ní láti bọ́ mi, ó sún ti 12 sí 1. Ẹ wò ó: ọ̀kan lójú 1, ọ̀kan lójú 7, èmi ni ó kàn. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́. Tí wọ́n bá fi ọdún kan ta á, 25 ò ní dé.

Ẹ̀rọ kò lè mọ̀ ọ́n àfi tí a bá ní kó rántí. Ẹ ní kí ọmọ kan máa kọ nọ́ńbà 12 yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn títa kọ̀ọ̀kan, ìlà kan fún títa kan, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kàn. Tí ìlà kan bá jọ èyí tó ti wà lókè rẹ̀ délẹ̀délẹ̀, ẹ dúró.

Bàbá_Ọlọ́pọ́n · Àbámẹ́ta, 1:05 ọ̀sán

Tí ẹ bá ti dúró, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan kó èyí tó wà níwájú rẹ̀. 24 sí 24. Ọ̀mì.

Ọmọ_Ìjẹ̀ṣà · Àbámẹ́ta, 1:09 ọ̀sán

Kí ló dé tí wọ́n á pín in? Níbi tí mo ti kọ́ ọ, ọmọ tó bá ń yípo bẹ́ẹ̀, inú ọpọ́n la ń fi í sílẹ̀ sí, kò sẹ́ni tó ń kó o.

Tíṣà_Òṣogbo · Àbámẹ́ta, 1:30 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ tiyín wá ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, kí Bàbá náà kọ tiwọn. Ẹgbẹ́ kan á gba ti Bàbá lọ́jọ́ Ajé, ẹgbẹ́ kan á gba tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "o ṣáà mọ̀" kankan sínú ẹ̀, ẹ̀rọ mi kì í mọ̀.